Ọ̀fẹ́ ni ọ̀rá, wákàtí yín kì í ṣe ọ̀fẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin mẹ́fà ni wá. À ń ṣa ọ̀rá táwọn èèyàn ti jù nù, à ń fọ̀ ọ́, à ń gé e bí okùn, a sì ń fi hun báàgì ńlá. Báàgì kan máa ń gbà tó ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń yìn wá, àmọ́ tó bá ti kan owó, wọ́n á ní, "Ṣebí pàǹtí lẹ fi ṣe é?" Ọdún kan àtààbọ̀ rèé, a ò tíì rí ohun tá a lè pè ní èrè, àwọn kan nínú wa sì ti fẹ́ jáwọ́. Ní báyìí, ẹnì kan ní òun fẹ́ 200 láàárín oṣù kan, pé òun á sanwó tá a bá ti kó o dé. Ṣé ká gbà á? Àbí ká tún lọ kọ́ ọnà tuntun sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà, ẹ̀yin arábìnrin mi. Kí n má fi yín sínú iyèméjì: ẹ má gba 200 báàgì ńlá láàárín oṣù kan. Kì í ṣe pé ọwọ́ yín ò dáa. Ìṣirò ló ní kò ṣeé ṣe, ìṣirò kan náà ló sì máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ ọdún kan àtààbọ̀ láìrí èrè. Ohun tẹ́ ẹ lè gbà lọ́wọ́ oníbàárà yẹn wà, màá débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí yín yẹn, mo mọ bó ṣe ń gún èèyàn lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń hun nǹkan, tí mo sì ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin bíi tiyín, mi ò sì tíì rí ẹgbẹ́ kan tí wọn ò sọ ọ́ sí rí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun tí mo máa ń bi gbogbo wọn: èló ló ná yín láti ṣe báàgì kan? Owó síìpù, owó òwú, owó aṣọ inú, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dé dúró. Ọ̀rá ńkọ́? "Ọ̀fẹ́ ni." Ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ẹ ò rí i pé ẹ̀yin àti ẹni tó ń ná ọjà yín ní ìnákúnàá, èrò kan náà lẹ jọ ń rò. Òun rò pé ọ̀rá lòun ń rà, ẹ̀yin náà sì ń tà á bí ẹni tó ń ta ọ̀rá.

Ẹ wá aago kan, ẹ wá ìwé kan. Fún báàgì mẹ́ta tẹ́ ẹ máa hun lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìgbà tí apá kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Láàárín àwọn ẹgbẹ́ tá a ti jọ ṣe é, báàgì ńlá irú tiyín kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí: wákàtí kan fún ṣíṣà àti yíyà sọ́tọ̀, wákàtí kan àtààbọ̀ fún fífọ̀ àti sísá, wákàtí méjì fún gígé àti síso pọ̀, wákàtí mẹ́jọ fún híhun, wákàtí kan àtààbọ̀ fún aṣọ inú, síìpù àti ọwọ́ báàgì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14. Ẹ wò ó dáadáa: kí abẹ́rẹ́ tó kan ọ̀rá yẹn rárá, ó ti gba wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ lọ́wọ́ yín. Iye tẹ́ ẹ ra ọ̀rá nìyẹn. Ẹni tó bá ra òwú tuntun kì í san irú iye bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó bá wá kan iye tó yẹ kẹ́ ẹ tà á, ẹ bi ara yín pé: èló ni obìnrin kan nínú wa lè gbà fún wákàtí kan nínú iṣẹ́ mìíràn tó lè rí ṣe lọ́la? Ẹ má fi ti dókítà wé e, ẹ má sì fi ti ẹrú wé e. Ẹ sọ iye yẹn di ìlọ́po 14. Ẹ fi owó síìpù, òwú àti aṣọ inú kún un. Ẹ wá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, fún èyí tó bàjẹ́, fún owó ọkọ̀ àti fún àpò ẹgbẹ́. Iye tí báàgì fi ń kúrò lọ́wọ́ yín nìyẹn, kì í ṣe iye tí wọ́n máa tà á ní ṣọ́ọ̀bù, torí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà máa ń sọ iye tí wọ́n ra nǹkan di ìlọ́po méjì kí wọ́n tó gbé e síta. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn obìnrin tí wọ́n bá rí iye tó jáde. Mo ti rí ẹni tó pa ìwé náà dé, tó lóun ò ṣe mọ́. Àmọ́ bí kò bá sẹ́ni tó lè san iye yẹn, ohun tó ń sọ fún yín ni pé báàgì yẹn ò yẹ fún òwò bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é báyìí. Kò sọ pé ẹ̀yin ò níye lórí. Ẹ lè dín wákàtí rẹ̀ kù, ẹ sì lè pààrọ̀ ohun tẹ́ ẹ ń hun.

Láti dín wákàtí kù, ibi tẹ́ ẹ ti ń rí pàǹtí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣà lójú títì tàbí lórí ààtàn ló ń jẹ wákàtí jù, torí ó ti kó iyẹ̀pẹ̀, ó ti kó epo, oòrùn sì ti pa á. Pàǹtí ò wọ́n láyé. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2016 nìkan, ìdọ̀tí tó jáde láwọn ìlú kárí ayé tó bílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù. Ohun tó wọ́n ni pàǹtí tó mọ́, tó jẹ́ irú kan náà, tó sì ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní Mokattam, ní ìlú Kairo lórílẹ̀-èdè Íjíbítì, níbi táwọn akódọ̀tí tí wọ́n ń pè ní Zabbaleen ń gbé, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Association for the Protection of the Environment, ọdún 1984 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ láti máa hun kápẹ́ẹ̀tì. Àárín ìdọ̀tí làwọn obìnrin yẹn dàgbà sí, síbẹ̀ àjákù aṣọ tó mọ́, tó wá láti àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ, ni wọ́n gbé fún wọn láti fi hun ún. Ẹ ronú sí ìyẹn.

Ẹ̀yin náà, ẹ wá ibi tí ohun tẹ́ ẹ nílò ti ń jáde kó tó dé ààtàn. Aránṣọ wà tó ń gbá àjákù dànù lálaalẹ́. Ilé ìtẹ̀wé wà tí bébà rẹ̀ ń bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ilé ìtajà wà tó ń tú ẹrù látinú ọ̀rá ńlá lójoojúmọ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa kó o sínú àpò kan fún yín, kẹ́ ẹ sì máa lọ gbé e lọ́jọ́ kan pàtó. Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá yẹ ọjọ́ náà ni wọ́n máa dà á nù, bí wọ́n bá sì ti dà á nù lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò ní tọ́jú ẹ̀ fún yín mọ́.

Ẹ sì máa wo irú ọ̀rá tó jẹ́. Èyí tí nọ́ńbà 4 wà nínú àmì onígun mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ rọ̀, ó ń fà, òun ló dáa jù fún ohun tó máa fara kan ara. Nọ́ńbà 2 máa ń dún kẹrẹkẹrẹ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á, ó lágbára, ó dáa fún ìdí báàgì àti ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà 5 ni wọ́n sábà máa fi ń hun àpò tí wọ́n ń di ọkà sí, ẹ má wulẹ̀ gé ìyẹn bí okùn, ẹ rán an bí aṣọ. Èyíkéyìí tí oòrùn bá ti pa, tẹ́ ẹ fà á tó sì já bí ewé gbígbẹ, ẹ dà á nù, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ wù yín tó. Mo ti rí báàgì tó rẹwà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ ní èérún èérún ní èjìká ẹni tó rà á, kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Gígé náà lọ́gbọ́n tirẹ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ gé ìdí àti ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ẹ ká a láti ẹ̀gbẹ́ kan, àmọ́ kẹ́ ẹ fi bí ìka méjì sílẹ̀ láìká lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ẹ wá máa gé e lọ́gbọọgba la ibi tẹ́ ẹ ká já, kẹ́ ẹ má ṣe gé ìka méjì yẹn tán. Tẹ́ ẹ bá tú u, ó máa rí bí òrùka tó pọ̀ tí wọ́n so mọ́ra lójú kan. Ojú ibẹ̀ lẹ máa wá gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, láti ẹnu òrùka kìíní lápá kan lọ sí ẹnu ìkejì lápá kejì, ọ̀rá kan á sì di okùn gígùn kan ṣoṣo tí kò ní kókó nínú. Ẹni tó ń gé òrùka kọ̀ọ̀kan tó sì ń so ó mọ́ra ń fi àkókò ṣòfò, kókó yẹn náà ló sì ń mú kí báàgì rí wúruwùru.

Ìyẹn mú mi dé ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí, bí àwọn obìnrin ṣe ń jókòó ti báàgì kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ojú rẹ̀ mọ àwọ̀ máa yà á sọ́tọ̀, kí ẹnì kan máa gé, kí àwọn mẹ́ta tí ọwọ́ wọn yá jù máa hun, kí ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìránṣọ lò máa fi aṣọ inú àti síìpù sí i. Kí ẹnì kan tí kò hun báàgì náà yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, kó sì ní àṣẹ láti dá a padà. Àṣẹ yẹn ṣòroó fúnni láàárín ọ̀rẹ́, mo mọ̀. Ẹ fún ẹnì kan, kẹ́ ẹ sì máa gbà á lọ́wọ́ ara yín yípo.

Ẹ bi mí bóyá kẹ́ ẹ lọ kọ́ ọnà tuntun. Rárá, kò tíì yá. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní N'jau, abúlé kan lórílẹ̀-èdè Gáńbíà. Ọ̀rá tí wọ́n ń jù káàkiri ń pa ewúrẹ́ àti màlúù tó bá jẹ ẹ́. Lọ́dún 1997, Isatou Ceesay àtàwọn obìnrin díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rá yẹn, wọ́n ń gé e, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́ hun ún. Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ayé wá mọ̀ wọ́n sí ni pọ́ọ̀sì kékeré, èyí tí èèyàn ń kó owó ẹyọ sí. Ohun kékeré ni, ohun kan náà ni, wọ́n sì ń hun ún ní ìgbà àìmọye. Pọ́ọ̀sì kékeré kì í gba tó ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò tí báàgì ńlá ń gbà, ó rọrùn fún ẹni tó ń rìnrìn àjò láti rà, kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń jókòó ronú lé lórí kó tó fọwọ́ sápò. Ẹ fi ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀ mú ọwọ́ yín dán kẹ́ ẹ tó ronú ọnà mìíràn.

Ẹ má sì so ẹ̀mí iṣẹ́ yín mọ́ ọ̀rá nìkan. Òfin lè mú un kúrò nílẹ̀: Rùwáńdà ti fòfin de ọ̀rá ìkẹ́rù lọ́dún 2008, Gáńbíà lọ́dún 2015, Kẹ́ńyà lọ́dún 2017. Inú mi dùn sí òfin bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa máa gbàdúrà pé kí ìdọ̀tí pọ̀ sí i. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn Zulu tó ń fi àjákù wáyà tẹlifóònù hun agbọ̀n aláràbarà bẹ̀rẹ̀ sí í ra wáyà tuntun nígbà tí àjákù ò tó mọ́, ọjà wọn ò sì kú, torí ọwọ́ wọn ni oníbàárà ń rà. Bó bá di ọjọ́ tí ọ̀rá tán, ṣé àjákù aṣọ lè wọ inú ọnà tẹ́ ẹ ń hun? Ẹ dán an wò nísinsìnyí tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ bá yín.

Ní ti "ṣebí pàǹtí ni", ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ìgbà mìíràn, oníbàárà ń gbóòórùn rẹ̀ ni. Lọ́dún kan, èmi àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kó 40 pọ́ọ̀sì jọ nígbà òjò, aṣọ inú wọn ò tíì gbẹ dénú, a sì dì wọ́n sínú páálí. Nígbà tí ẹni tó rà á máa tú u, ó ti bu. Gbogbo rẹ̀ ló dá padà, ó sì tọ̀nà. Látìgbà yẹn, bó bá di ọjọ́ kejì tí ọ̀rá ti wà lórí okùn, ibi ojú ìrán ni mo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn, torí ibẹ̀ lomi ń sá pa mọ́ sí. Omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ yí inú rẹ̀ síta, kẹ́ ẹ sá a síbòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí bẹ́ ẹ ṣe ń tà á padà. Báàgì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi han oníbàárà. Ẹ jẹ́ kó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kó fa síìpù rẹ̀, kó gbé e kọ́ èjìká. Ìgbà tó bá bi yín pé kí lẹ fi hun ún ni kẹ́ ẹ tó sọ pé ọ̀rá ni, iye ọ̀rá tó wọ inú rẹ̀ sì nìyí. Ìyàlẹ́nu ló máa jẹ́ fún un nígbà yẹn, kò ní fi ná yín mọ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó hun ún sára bébà kékeré, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ti Gee's Bend, ní Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ń fi aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó àti àpò rán aṣọ ìbora tí kò ní jẹ́ kí òtútù mú àwọn ọmọ wọn. Lọ́dún 1966, ẹgbẹ́ alájùmọ̀ṣe kan, Freedom Quilting Bee, bẹ̀rẹ̀ lágbègbè wọn. Lọ́dún 2002, wọ́n gbé aṣọ ìbora wọn kọ́ ara ògiri ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Houston, orúkọ ẹni tó rán ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkísà náà ni. Ojú tó to àwọ̀ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìgbà kan á dé tẹ́nì kan á ní kẹ́ ẹ máa yọ́ ọ̀rá kó lè yára. Ọ̀rá nọ́ńbà 4 máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì sí obìnrin tó ń fi iná ìdáná yọ́ nǹkan tó lè mọ ibi tí iná rẹ̀ dé. Kó tó ṣẹ́jú, èéfín ti bo ilé. Èyí tó burú jù ni nọ́ńbà 3, irú ike tí wọ́n ń pè ní PVC: tó bá jóná, ó máa ń tú gáàsì tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn májèlé tí wọ́n ń pè ní dioxin. Ẹ má fi iná kàn án láéláé. Ẹ má sì fọwọ́ kan ike tí wọ́n rọ oògùn apakòkòrò tàbí ásíìdì bátìrì sí, àti ohunkóhun tó wá láti ilé ìwòsàn, omi ọṣẹ kankan ò lè sọ ọ́ di ohun tó mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ bá ń yà á sọ́tọ̀. Mi ò rí báàgì tó níye lórí tó ẹ̀dọ̀fóró obìnrin kan.

Ohun kan kù kí n tó padà sórí oníbàárà yín. Ní Ùgáńdà, àwọn obìnrin máa ń gé bébà tí wọ́n ti lò sí onígun mẹ́ta gígùn, wọ́n á ká a mọ́ abẹ́rẹ́ tínínrín, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi fánííṣì kùn ún, ó di ìlẹ̀kẹ̀. BeadforLife, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, bá wọn tà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ wọn ò gbà pé kí obìnrin kan máa ta ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn títí ayé: lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 18, wọ́n fẹ́ kó ti fi owó ìlẹ̀kẹ̀ dá òwò mìíràn sílẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú yín, ẹ má bínú sí wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ìpín tirẹ̀ ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹgbẹ́ yín ti ṣiṣẹ́ fún un nìyẹn.

Ó kan 200 báàgì. Ká ní ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fi wákàtí márùn-ún ṣiṣẹ́ lójúmọ́, fún ọjọ́ 26 nínú oṣù, wákàtí 780 lẹ ní. 200 báàgì ní wákàtí 14 jẹ́ 2,800. Báàgì 55 ni ọwọ́ yín ká, bí ara gbogbo yín bá le. Tẹ́ ẹ bá gba 200, ẹ máa ṣàìsùn, ọ̀nà híhun á yàtọ̀ síra, ẹ máa pẹ́ jù, oníbàárà á sì ní òun ò sanwó mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ru gbogbo ẹ̀.

Ẹ lọ bá a pẹ̀lú pọ́ọ̀sì kékeré tó ń gba wákàtí mẹ́ta. 200 rẹ̀ jẹ́ wákàtí 600, 180 á ṣẹ́ kù fún àìsàn, òjò àti èyí tí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bá dá padà. Ẹ sọ iye rẹ̀ fún un bẹ́ ẹ ṣe ṣírò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè ìdajì owó sílẹ̀. Kì í ṣe ìwọra. Ìlànà World Fair Trade Organization, àjọ tó ń gbé òwò tí kò rẹ́ni jẹ lárugẹ kárí ayé, sọ ọ́ pé ẹni tó bá ń ra iṣẹ́ ọwọ́ lábẹ́ ìlànà náà gbọ́dọ̀ san ó kéré tán ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ṣáájú, láìgba èlé lórí rẹ̀, bí àwọn tó ń ṣe é bá béèrè. Ẹ hun méjì tó bára mu, kí òun mú ọ̀kan, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí ìwé pé bí èyí ṣe rí ni gbogbo rẹ̀ máa rí, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kó o dé nìyí, ọjọ́ tó máa sanwó nìyí.

Bó bá kọ̀ láti san ohunkóhun sílẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ ní ẹ máa hun 20, ẹ máa gbé e wá fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó san owó 20 yẹn kẹ́ ẹ tó gé ọ̀rá fún 20 mìíràn.